Ohun Tí Ó Yẹ Kí Oníbọn Ṣe Nígbà Tí Ìjọba Àpapọ̀ Bá Yí Òfin Ohun Àsomọ́ Ìbọn Padà

Ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 2023, àbúrò mi ọkùnrin tí ó ń gbé ní ìlú Houston pè mí láti Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ ti ṣú ní Ìbàdàn, mo sì ti ń múra àtisùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti yí òfin padà o. Ohun tí mo so mọ́ ìdí ìbọn mi, tí mo rà ní gbangba, tí mo sì gba rìsíìtì rẹ̀, wọ́n ní bí ó bá fi di oṣù Kẹfà tí ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Ṣé kí n jù ú nù ni, àbí kí n tà á, àbí kí n fi ránṣẹ́ sí yín nílé?" Èmi ni ó bi nítorí pé èmi ni mo jogún iṣẹ́ ọdẹ bàbá wa, èmi nìkan ni mo sì ní ìwé àṣẹ ìbọn nínú ẹbí wa ní ilé níbí. N kò ní èsì kankan fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo kàn sọ fún un pé kí ó má fọwọ́ kan ohunkóhun títí a ó fi ka ohun tí ìjọba kọ gan-an.

A kà á. Ó gbà wá tó ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó lóye rẹ̀, nítorí ìwé òfin kì í sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn aládùúgbò tí ọmọ wọn wà ní Houston, Maryland tàbí Chicago ti ń bi mí ní irú ìbéèrè kan náà, tí àwọn ọdẹ kéékèèké ọ̀nà Àkànrán sì ń bi mí ní tiwọn lórí ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ wọn níhìn-ín. Ìbéèrè wọn jọra ju bí wọ́n ṣe rò lọ, ìdí sì nìyí tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn méjèèjì. Ẹni tí ọlọ́pàá ti fi ìwé pè tàbí tí wọ́n ti mú ní ti rẹ̀, agbẹjọ́rò ni kí ó wá lọ, kí ó má dúró ka ìwé mi.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ohun àsomọ́ náà sọ ìbọn yín dà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìbọn nìkan ni òfin ń wò, pé ohun tí a so mọ́ ọn kò ju ọ̀ṣọ́ lọ. Èrò yìí ni ó ń kó wọn sí wàhálà. Ohun kékeré kan tí a fi kún ìbọn lè gbé e kúrò ní ìpín kan nínú òfin bọ́ sí ìpín mìíràn, ìbọn tí ẹ fi ẹ̀tọ́ rà lánàá yóò sì di ìbọn tí ẹ kò ní àṣẹ fún lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin rẹ̀ àti igi rẹ̀ kò yí padà rárá.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1934 tí wọ́n ń pè ní National Firearms Act ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Òfin yìí ya àwọn ohun kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní bí kò bá forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Lára wọn ni ìbọn tí ń da ọta jáde léraléra bí a bá fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ráífù tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó íǹṣì 16, ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó íǹṣì 18, àti sailẹ́ńsà tí a ń dè mọ́ ẹnu ìbọn kí ariwo rẹ̀ lè rẹlẹ̀. Ẹni tí a bá ká irú rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ láìforúkọ sílẹ̀ lè lo tó ọdún 10 ní ẹ̀wọ̀n.

Ohun tí àbúrò mi ní ni wọ́n ń pè ní brace. Ìdí ìbọn ìléwọ́ tí ó tóbi ni wọ́n ń so ó mọ́, kí a lè dè é mọ́ apá. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é ń wá ọ̀nà tí ọmọ ogun kan tí ó ti di aláàbọ̀ ara fi lè máa yìnbọn lọ́wọ́ kan láìsí ewu. Ní ọdún 2012, ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, kọ ìwé pé brace kò sọ ìbọn ìléwọ́ di nǹkan mìíràn. Àwọn ènìyàn rà á lọ́pọ̀lọpọ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì dè é mọ́ apá, èjìká ni wọ́n ń gbé e tì. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015, àjọ náà ní ẹni tí ó bá gbé e ti èjìká ti sọ ìbọn rẹ̀ di ráífù kúkúrú. Ní ọdún 2017, wọ́n dẹ ọ̀rọ̀ náà lójú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, wọ́n tún gbé ìlànà tuntun jáde pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìbọn tí brace wà lára wọn ni ráífù tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó íǹṣì 16. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, ohun tí òfin 1934 pè ní ráífù kúkúrú kò yí padà. Ìtumọ̀ tí àjọ náà ń fún un ni ó ń yí. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé ẹni tí ó ń retí kí àwọn aṣòfin dìbò kí ó tó kíyè sí ohun tí ó wà nílé rẹ̀ yóò pẹ́ jù.

Ẹ má sì rò pé ti Amẹ́ríkà nìkan nìyẹn. Òfin ìbọn tiwa, Firearms Act, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1959, pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Èkínní ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní àfi bí Ààrẹ bá fún un láṣẹ, irú bí ìbọn arọ̀jò-ọta, ráífù ológun bíi 7.62 mm, àti ìbọn ìléwọ́ gbogbo. Èkejì ni ìbọn tí ènìyàn lè gba ìwé àṣẹ fún, bíi ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí àwọn ọdẹ wa ń lò àti ráífù ìṣọdẹ tí kì í ṣe ti ológun. Ẹ̀kẹta ni àwọn tí a ń ki láti ẹnu, ìyẹn ṣakabùlà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìsọ̀rí kejì dáadáa: ó yọ ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí ń ki ara rẹ̀ kúrò, ó sì yọ èyí tí ó ní irinṣẹ́ èyíkéyìí tí ń ti ọta tuntun wọlé kúrò pẹ̀lú. Nítorí náà, ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí a ń ṣẹ́ ní àárín kí a tó ki ọta sí i wà nínú ohun tí a lè gba àṣẹ fún, ṣùgbọ́n èyí tí a ń fi ọwọ́ fà sẹ́yìn tì síwájú, tí gbogbo ayé ń pè ní pump-action, kò sí níbẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ aṣọ́bodè gba irú rẹ̀ 661 nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan ní Èkó ní oṣù Kìíní ọdún 2017, àwọn kan ní Ìbàdàn níhìn-ín ń bi mí pé kí ni ìbọn ọdẹ lásán ṣe tí wọ́n fi ń pariwo. Irinṣẹ́ tí ń ki ọta yẹn ni.

Ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀

Ìròyìn tí ó bá gba orí WhatsApp wọlé kì í sọ bóyá àbá ni, bóyá ìlànà ni, bóyá ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bóyá ilé ẹjọ́ ti dá a dúró. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní "wọ́n ti fòfin dè é". Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ kọ sílẹ̀ sórí bébà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun: ta ni ó sọ ọ́, ọjọ́ wo ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, kí sì ni ó ní kí ẹni tí ó ti ní nǹkan náà tẹ́lẹ̀ ṣe. Ìbéèrè kẹta yìí ni àwọn akọ̀ròyìn máa ń fò jù, òun sì ni ó kàn yín jù.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ bump stock ṣe lọ. Ohun tí a ń fi dípò ìdí ìbọn ni. Ó ń lo bí ìbọn ṣe ń ti èjìká sẹ́yìn láti mú kí ìka máa fa ìbọn léraléra, tí ọta yóò fi máa jáde ní kíákíá bí ẹni pé ìbọn arọ̀jò-ọta ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ọkùnrin kan lò ó láti pa àwọn ènìyàn tí ó wá gbọ́ orin ní Las Vegas. Ẹ̀mí tí ó lọ lé ní 50. Ìjọba àpapọ̀ gbé àbá ìlànà jáde ní ọdún 2018, wọ́n sì fi ìlànà náà gúnlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 2019 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Láàárín oṣù Kejìlá àti oṣù Kẹta yẹn, ẹni tí ó ní bump stock kò tíì rú òfin àpapọ̀ kankan. Bí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣe mọ́ ni ó di ẹlẹ́ṣẹ̀, àfi bí ó bá ti ba á jẹ́ tàbí tí ó ti kó o fún ATF. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ yóò bẹ̀rù ṣáájú àkókò tàbí kí ó fọkàn balẹ̀ lẹ́yìn àkókò, méjèèjì ni ó sì ń ná ènìyàn lówó.

Ibi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti lè ka ojúlówó ìwé náà ni Federal Register, ìwé ìkéde ìjọba àpapọ̀, tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Níhìn-ín, gásẹ́ẹ̀tì ìjọba ni, bí ẹ kò bá sì rí i, ẹ lọ sí oríkò àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí wọ́n ti ń bójú tó ìwé àṣẹ ìbọn. Ẹ béèrè, kí ẹ sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi ohun tí wọ́n kọ hàn yín. Ohun tí ẹnìkan sọ fún yín lẹ́nu ọ̀nà kò lè gbà yín sílẹ̀ níwájú adájọ́.

Kí gbèdéke tó pé

Ìlànà brace ti ọdún 2023 fún àwọn ènìyàn ní 120 ọjọ́, tí ó parí ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún. Ọ̀nà márùn-ún ni ó là sílẹ̀: kí ènìyàn forúkọ ìbọn náà sílẹ̀ bíi ráífù kúkúrú láìsan owó orí 200 dọ́là tí wọ́n ń gbà nígbà náà; kí ó yọ brace náà, kí ó sì bà á jẹ́ débi tí kò ní ṣeé so padà; kí ó fi ọ̀pá tí ó tó íǹṣì 16 rọ́pò èyí tí ó wà lára ìbọn; kí ó kó ìbọn náà fún ATF; tàbí kí ó run ún. Kò sí ọ̀nà kẹfà. Kí ènìyàn yọ brace kí ó sì jù ú sínú àpótí kan náà pẹ̀lú ìbọn kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí àbúrò mi fẹ́ kọ́kọ́ ṣe nìyẹn.

Ìṣirò tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe ni pé brace tí ó wà nígboro tó mílíọ̀nù mẹ́ta, síbẹ̀ àwọn tí ó kọ̀wé láti forúkọ sílẹ̀ kò ju nǹkan bí 250,000 lọ. Ìdí tí àwọn ènìyàn fi sá sẹ́yìn kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tí ó bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ohun tí ó ní, àwọn mìíràn sì gbà gbọ́ pé ilé ẹjọ́ yóò wọ́gi lé e láìpẹ́. Mo mọ irú ìbẹ̀rù yìí. Bàbá wa náà ní i nígbà tí àwọn ọlọ́pàá bá ń ka ìbọn àwọn ọdẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pinnu pé òun kò ní forúkọ sílẹ̀ ṣì ní ọ̀nà mẹ́rin mìíràn tí òfin là fún un. Kí ènìyàn dákẹ́ kí ó máa wo ojú ọ̀run kò sí lára wọn.

Àpẹẹrẹ tí mo máa ń fún àwọn tí inú ń bí ni Michael Cargill, ọkùnrin kan tí ó ń ta ìbọn ní ìlú Austin ní Texas. Ó ní bump stock méjì. Nígbà tí ìlànà 2019 dé, ó kó méjèèjì fún ATF, ó sì sọ fún wọn pé òun kò fara mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ni ó pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá a láre, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta, pé ATF kò lágbára lábẹ́ òfin láti pe bump stock ní ìbọn arọ̀jò-ọta. Ẹ kíyè sí bí ó ṣe ṣe é: ó tẹ̀ lé òfin lọ́jọ́ tí òfin ní kí ó tẹ̀ lé e, ó sì bá òfin náà jà níbi tí wọ́n ti ń jà á. Ẹ̀wọ̀n kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ sí i ní gbogbo ọdún tí ẹjọ́ náà fi ń lọ.

Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìdájọ́ yẹn gan-an, ìyẹn ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹfà ọdún 2024, adájọ́ àpapọ̀ kan ní Texas wọ́gi lé ìlànà brace. Ó dà bí ẹni pé àwọn tí ó kàn dúró ni ó gbọ́n. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kan náà fi ọwọ́ sí ìlànà ọdún 2022 lórí àwọn ẹ̀yà ìbọn tí a ń tò pọ̀ nílé, adájọ́ méje sí méjì. Ìlànà méjì ṣubú, ọ̀kan dúró, láti ọ̀dọ̀ àjọ kan náà. Ẹni tí ó bá ń fi ọdún 10 ẹ̀wọ̀n ta tẹ́tẹ́ lórí èyí tí yóò ṣubú, owó ọmọ rẹ̀ ni ó fi ń ta á.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í mọ̀. Kí gbèdéke oṣù Karùn-ún 2023 tó pé, ilé ẹjọ́ ti dáàbò bo àwọn kan lọ́wọ́ ìlànà brace, ṣùgbọ́n àwọn tí ó pẹjọ́ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó wà nínú ẹjọ́ ni ààbò náà kàn. Bí ẹ bá gbọ́ pé "ilé ẹjọ́ ti dá a dúró", ẹ béèrè ẹni tí ó dá a dúró fún.

Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ àpapọ̀ kò sì pa òfin ìpínlẹ̀ rẹ́. Bump stock ṣì jẹ́ èèwọ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, Maryland wà lára wọn, bí Cargill tilẹ̀ borí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, owó orí àpapọ̀ lórí sailẹ́ńsà àti ráífù kúkúrú ti kúrò ní 200 dọ́là ó ti di òdo, nípa òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 2025. Inú ọ̀pọ̀ dùn, ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, owó nìkan ni ó lọ. Ọmọ yín tí ó wà ní Chicago kò sì lè fi òfin yìí ra sailẹ́ńsà, nítorí pé ìpínlẹ̀ Illinois kò gbà á láyè fún ará ìlú rárá.

Kí àwọn òbí sì gbọ́ èyí: ọmọ tí ó bá físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà àbẹ̀wò wọ Amẹ́ríkà kò lẹ́tọ̀ọ́ lábẹ́ òfin àpapọ̀ láti ní ìbọn tàbí ọta, àfi nínú àwọn ipò díẹ̀ bíi kí ó ní ìwé àṣẹ ìṣọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan fún un. Ti ẹni tí ó ti gba gíríìnì káàdì yàtọ̀. Kí ẹ tó béèrè bóyá ohun àsomọ́ kan bófin mu, ẹ béèrè bóyá ọmọ náà tilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbọn tí ó so ó mọ́.

Ẹ má fi ránṣẹ́ sílé

Mo padà sí ìbéèrè àbúrò mi: "Àbí kí n fi ránṣẹ́ sí yín nílé?" Ọ̀rọ̀ yìí ba mi lẹ́rù jù, nítorí mo mọ iye ẹni tí yóò ṣe é láìbéèrè, tí yóò fi irin kan sí àárín aṣọ àti bàtà nínú àpótí ẹrù tí ó ń bọ̀ ní ọdún Kérésìmesì. Lójú rẹ̀, ohun tí kò wúlò fún un mọ́ lọ́hùn-ún ni ó fi ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jẹ́ ọdẹ lọ́rẹ.

Lákọ̀ọ́kọ́, Amẹ́ríkà kò gba ènìyàn láyè láti kó sailẹ́ńsà àti àwọn ẹ̀yà ìbọn jáde láìgba àṣẹ. Èkejì ni ó kan àwa tí yóò gbà á. Nínú Firearms Act ti Nàìjíríà, ìtumọ̀ ìbọn kò mọ sí odindi ìbọn. Ẹ̀yà ara ìbọn náà wà nínú rẹ̀. Irin kan ṣoṣo tí kò lè yin ohunkóhun fúnra rẹ̀ lè di ìbọn lójú òfin. Ẹni tí a bá sì ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ, òfin lórí olè jíjà àti ìbọn sọ pé ìjìyà rẹ̀ ni owó ìtanràn ₦20,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó lọ gba àpótí náà ní pápákọ̀ òfúrufú ni wọn yóò kọ́kọ́ mú, ó sì lè jẹ́ ìyá arúgbó tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Bákan náà, ẹ má tà á fún ẹni tí ń gbé ìpínlẹ̀ mìíràn ní ìkánjú, ẹ má sì jù ú sí ààtàn. Ohun tí a jù sí ààtàn, ẹlòmíràn yóò mú un.

Fún àwa tí a wà ní Ìbàdàn

Ìwé àṣẹ ìbọn wà fún ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí i, fún ìbọn tí a kọ sí i, kì í ṣe fún ilé. Nígbà tí bàbá wa kú, tí àwọn ọdẹ wá ṣe ìṣípà fún un, ìbọn mẹ́ta ni ó fi sílẹ̀, ṣakabùlà méjì àti ẹlẹ́nu méjì kan. Àwọn àgbà ẹbí fẹ́ pín in ní ọjọ́ kejì bí a ṣe ń pín aṣọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí a kọ́kọ́ kó gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí èmi sì béèrè àṣẹ ní orúkọ ara mi. Àwọn kan bínú sí mi pé mo ń kó ogún bàbá fún ìjọba. Oṣù mélòó kan ni ó gbà mí kí n tó rí ìwé gbà, n kò sì yìnbọn kankan ní gbogbo àsìkò yẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè àṣẹ kí ó mọ̀ pé òfin kò ní jẹ́ kí wọ́n fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi lórí ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn.

Lórí ohun àsomọ́ àti àtúnṣe, alágbẹ̀dẹ ni ewu wa tí ó tóbi jù. Ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wa gún régé, kò sì sí ohun tí wọn kò lè rọ. Ṣùgbọ́n òfin àpapọ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ìbọn, tàbí kí ó tò ó pọ̀, tàbí kí ó tún un ṣe, bí kò bá ní àṣẹ. Ó tún ka gígé ọ̀pá ìbọn kúrú léèwọ̀. Ọ̀dọ́ ọdẹ kan sọ fún mi pé òun fẹ́ kí wọ́n gé ọ̀pá ìbọn òun kí ó lè rọrùn láti gbé lórí ọ̀kadà. Mo sọ fún un pé, "Ọmọ mi, ọ̀pá tí wọ́n bá gé kò ní ṣeé so padà, ìwé àṣẹ rẹ kò sì ní bá ìbọn náà mu mọ́." Ó gbọ́. Bí ìbọn yín bá bàjẹ́, ẹ béèrè ní Ẹlẹ́yẹlé ẹni tí ó ní àṣẹ láti tún un ṣe, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan tún rò pé nígbà tí a ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn níhìn-ín ní oṣù Kìíní ọdún 2020, tí a sì gba àwọn ọdẹ sínú rẹ̀, ìbọn tí ó wà ní yàrá wọn ti gba àṣẹ. Iṣẹ́ ni wọ́n gbà yín sí. Ìbọn yín ṣì ń dúró de ìwé tirẹ̀.

Ẹ sọ tẹnu yín nígbà tí wọ́n bá béèrè

Kí ìlànà tó gúnlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìjọba gbọ́dọ̀ gbé àbá rẹ̀ jáde kí ará ìlú lè sọ èrò wọn, ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Lórí brace, èrò tí ó wọlé lé ní 237,000, ìjọba sì yọ fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n fẹ́ máa fi ka máàkì fún ìbọn kọ̀ọ̀kan kúrò nínú ìlànà náà, nítorí ohun tí àwọn ènìyàn kọ. Àwọn lẹ́tà tí ó wúlò jù ni èyí tí ó sọ ìbọn tí ẹni náà ní, ohun tí ó ń fi ohun àsomọ́ náà ṣe, àti ohun tí ìyípadà náà yóò ná an. Èébú kò wúlò.

Ní Àbújá náà, àwọn ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin máa ń pe ará ìlú wá sọ̀rọ̀ lórí àbá òfin, wọ́n sì ń gba ìwé ìpẹ̀bẹ̀. Ní ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ lábẹ́ olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò láti máa ṣàkóso àwọn ìbọn kéékèèké. Ìyípadà yóò tún wáyé, nítorí náà ó yẹ kí ẹgbẹ́ ọdẹ Ìbàdàn ní akọ̀wé tí yóò máa tọ́jú orúkọ àwọn tí ó ní ìwé àṣẹ, irú ìbọn tí wọ́n ní, àti ọdún tí wọ́n gbà á. Nígbà tí ìgbìmọ̀ bá pè wá, ìwé ni kí a gbé síwájú wọn, kí ó má jẹ́ ariwo.

Àpò ìwé náà

Ohun tí àbúrò mi ṣe ní ìgbẹ̀yìn nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 2023, ó yọ brace náà, ó fi ayùn irin gé e sí méjì, ó sì ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn ọjọ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ya ìbọn náà pẹ̀lú láìsí ohunkóhun ní ìdí rẹ̀. Ó fi fọ́tò náà, rìsíìtì tí ó fi ra brace, rìsíìtì ìbọn, àti ẹ̀dà ìlànà náà tí ó tẹ̀ jáde láti inú Federal Register sínú àpò ìwé kan, ó sì kọ ọjọ́ sí i lára. Ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi. Ìwé nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí adájọ́ wọ́gi lé ìlànà náà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó dùn ún pé ó ti gé ohun tí kì bá ti gé. Ó tẹ ìdájọ́ náà jáde, ó fi í kún àpò náà, ó sì tún fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́. Ó wà lábẹ́ ìwé àṣẹ ìbọn tèmi nínú àpótí onírin ní yàrá mi, níbi tí n óò ti tètè rí i bí ẹnikẹ́ni bá béèrè.